Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí tẹlifíṣàn Ìbàdàn àti ti Belfast: ta ló wá pa ilà ojú wọn rẹ́?

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní àdúgbò Fante New Town, nílùú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, tí àwọn ọlọ́jà ti darí wálé, tí oúnjẹ alẹ́ sì ti délẹ̀, ẹni tó bá yí tẹlifíṣàn rẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Twi lè bá lẹ́tà mẹ́ta kan pàdé lójú ẹ̀rọ náà: U, T àti V. Àmì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ United Television ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Despite ní ìlú Accra ni. Kò sí ẹni tó máa ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ lórí lẹ́tà mẹ́ta yìí. Àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n bí wọ́n ṣe mọ ìlẹ̀kùn ilé wọn.

Ní ìlú Belfast, ní àríwá erékùṣù Ireland lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé àga síta lálẹ́, lẹ́tà mẹ́ta yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ibẹ̀ ń lò láti ọdún 1993. U tiwọn kì í ṣe ti United. Ulster ni, ìyẹn orúkọ ilẹ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá, lẹ́tà lásán ló fi wọ́n jọ ara wọn.

Ilé-iṣẹ́ tó bá ti Belfast tan ní ti ọjọ́ ìbí kò sí ní Kumasi, kò sì sí ní London. Agodi ló wà, nílùú Ìbàdàn. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ni Ulster Television bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Belfast. Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni Western Nigeria Television, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n ìrìnàjò wọn jọ ara wọn dé ibi tó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Agbègbè kan ni kálukú wọn wá ṣojú fún, orúkọ agbègbè náà ni kálukú gbé sójú. Lónìí, kò sí èyí tó ṣì ń gbé ojú tí wọ́n bí i mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ilà tí a kò fi abẹ kọ

Láyé àtijọ́, ojú ni Yorùbá fi ń mọ ẹni. Bí àlejò bá wọ ìlú, tí ó kọ àbàjà, tàbí pélé, tàbí gọ̀mbọ́, àgbàlagbà tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan yóò ti fura sí ibi tí ó ti wá, yóò sì mọ irú ìkíni tó tọ́ sí i. Yàtọ̀ sí ẹwà tí ilà ń bù kún ojú, ó ń sọ ẹni tó lọ́mọ. Lásìkò ogun, ó lè jẹ́ òun ni yóò mú kí ará ilé dá ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú mọ̀ lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ tí àmì ìdánimọ̀ ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn nìyẹn. Ẹni tó jókòó sílé kì í rí ẹni tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Inú afẹ́fẹ́ ni àwòrán ń gbà wọlé, afẹ́fẹ́ kò sì lójú. Àmì yẹn ló máa ń ṣáájú wọlé tí í kí onílé, tí í sọ pé, “Èmi lágbájá ni mo dé.”

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ àmì yìí di ọ̀rọ̀ agbègbè. BBC nìkan ló ń ṣe tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ wọn títí di ọdún 1955 tí ìjọba fi fún àwọn oníṣòwò láyè. Wọn kò kó gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí agbègbè, wọ́n sì yan ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. Àpapọ̀ gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní ITV. Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ń fún ara wọn ní eré lò, ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yóò kọ́kọ́ fi àmì tirẹ̀ hàn, kí àwọn ará ibòmíràn lè mọ ọwọ́ tó se ọbẹ̀ náà.

Kálukú wá ń du àmì tí yóò gbé agbègbè rẹ̀ ga. Granada, tó bẹ̀rẹ̀ ní Manchester lọ́dún 1956, fi ọfà tó dojú kọ àríwá ṣe àmì, ó sì ń kéde pé láti àríwá ni òun ti ń sọ̀rọ̀. Thames, tó bẹ̀rẹ̀ ní London lọ́dún 1968, fi àwọn ilé ńlá olókìkí ìlú náà ṣe é, wọ́n ń yọ sókè láti inú odò, òjìji wọn sì ń hàn lójú omi. London Weekend Television, tí wọ́n ń pè ní LWT, tó ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ní ìlú kan náà, fi ìlà aláwọ̀ mẹ́ta ya ọ̀nà tí odò Thames gbà wọ́ la ìlú kọjá.

Èyí tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn jù lọ ni ti Anglia, ní ìlú Norwich, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú WNTV. Ère fàdákà ni àmì tirẹ̀: jagunjagun kan lórí ẹṣin, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti àsíá lọ́wọ́. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ṣe ère náà fún ọba ilẹ̀ Netherlands. Wọ́n gbé e ka orí àga tó ń yí po, wọ́n tan iná sí i kó máa kọ mànà, wọ́n sì fi orin Handel gbè é lẹ́sẹ̀. Láti ọdún 1959 títí di 1988 ni jagunjagun yìí fi ń yí lójú àwọn ará ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìran kan dàgbà mọ́ ọn lójú.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ṣíṣe àmì láyé ìgbà yẹn. Ẹlòmíràn á kùn ún sórí páálí, wọ́n á sì gbé kámẹ́rà dojú kọ páálí náà. Ẹlòmíràn á fi igi, irin tàbí wáyà kan án. Nígbà tí ayàwòrán Abram Games ṣe àmì fún BBC lọ́dún 1953, wáyà àti idẹ ni ó fi ṣe ohun tó dà bí ìyẹ́ àdán méjì tó ń tàn yòò, ẹ̀rọ kékeré yẹn kò sì pẹ́ bàjẹ́. Dúdú àti funfun nìkan ni tẹlifíṣàn mọ̀, nítorí náà àmì tó bá ní ìlà wẹ́wẹ́ púpọ̀ yóò dàrú lójú ẹ̀rọ. Ọdún 1982 ni Channel 4 ní London fi kọ̀ǹpútà ṣe tirẹ̀: ègé aláwọ̀ oríṣiríṣi ń fò bọ̀ láti òfurufú, wọ́n sì para pọ̀ di nọ́ńbà 4. Láti ìgbà náà ni àmì ti ń fò, tí ó ń yí, tí ó ń tú ká, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ tò.

Ìbínú ló bí WNTV

Àwọn oníṣòwò ló dá ilé-iṣẹ́ Belfast sílẹ̀, èrè ni wọ́n sì ń wá. Ti Ìbàdàn yàtọ̀. Ìbínú ló bí i.

Ní oṣù kẹta, ọdún 1953, Olóyè Anthony Enahoro dá a lábàá nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1956. Ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn, àwọn mínísítà ẹgbẹ́ Action Group sì fi ipò sílẹ̀. Gómìnà, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n létí gbogbo ayé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun lè fèsì. Wọn kò gbà. Ẹni tó ni rédíò ló ni ẹnu, ẹni tí kò ní sì di odi lóòjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn Awólọ́wọ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fún àwọn agbègbè láyè láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò tiwọn sílẹ̀, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò fi rédíò nìkan mọ. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòwò pọ̀, wọ́n kọ́lé sí Agodi, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń tú àwòrán sáfẹ́fẹ́ ka orí òkè Mapó, wọ́n sì gbé òmíràn sí apá Ìkòròdú kí àwọn ará Èkó lè rí i. Kí ìjọba àpapọ̀ tó ronú tẹlifíṣàn, Ìbàdàn ti ní tirẹ̀. Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú obìnrin àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí níbẹ̀, àwọn ilé tó sì ní tẹlifíṣàn nígbà náà kò tó nǹkan.

Lẹ́tà mẹ́rin ni WNTV gbé sójú, ó sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tì í lẹ́yìn lédè Gẹ̀ẹ́sì: “First in Africa”, ìyẹn ni pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ní ti òtítọ́, tẹlifíṣàn oníṣòwò kan ti ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní Casablanca, ní orílẹ̀-èdè Morocco, lọ́dún 1954, kó tó kógbá sílé. Bí a bá ní kí á wọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ni Ìbàdàn ti ṣe àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ipò náà kì í ṣe kékeré. Ọdún 1965 ni Ghana tó ní tirẹ̀, ọdún 1976 sì ni South Africa, fún gbogbo ọrọ̀ tó ní, tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ta àwọn ará Ìlà-Oòrùn lára. Nígbà tí wọ́n ṣí tiwọn, ENTV, ní Enugu ní ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1960, wọn kò lè pe ara wọn ní àkọ́kọ́ mọ́. “Second to None” ni wọ́n kọ sára àmì tiwọn, ìyẹn ni pé bí wọn kò tilẹ̀ ṣáájú, kò sí ẹni tó jù wọ́n lọ. Bí a bá fẹ́ mọ bí ìdíje ṣe gbóná tó láàárín àwọn agbègbè nígbà náà, a kò nílò ìwé ìtàn rẹpẹtẹ. Kí a ka ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ti tó.

Nínú lẹ́tà mẹ́rin ti Ìbàdàn, W ló ṣe pàtàkì jù. Òun ló dúró fún Ìwọ̀-Oòrùn, òun ló so Abẹ́òkúta mọ́ Àkúrẹ́, tó so Ìjẹ̀bú mọ́ Èkìtì, tó so Ọ̀yọ́ mọ́ Iléṣà. Lábẹ́ W yìí ni Moses Ọláìyá ti fi ẹ̀fẹ̀ Aláwàdà wọlé sọ́kàn àwọn ènìyàn. Nílé tẹlifíṣàn Ìbàdàn yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ti mọ Oyin Adéjọbí àti Kóòtù Aṣípa rẹ̀. Ará ìlú tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò mọ̀ pé tòun ni ohun tí òun ń wò.

Belfast náà gbé tirẹ̀ jáde

Ní Belfast, gbajúgbajà òṣèré nì, Laurence Olivier, ni wọ́n mú wá láti ṣí Ulster Television lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan náà. Àmì tiwọn kò ní jagunjagun, kò ní odò. Àwọn àmì kíkí bí ìràwọ̀ ni, tí ìlà so mọ́ ara wọn, bí ohun tó máa ń hàn lójú ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ iná mànàmáná fi ń wọn iná. Ó ń sọ fún ènìyàn pé ohun tuntun dé, pé sáyẹ́ǹsì dé.

Orúkọ tí wọ́n jẹ́ ló ní ìjà nínú. Ẹkùn mẹ́sàn-án ni Ulster àtijọ́, mẹ́fà péré ló sì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní Belfast fẹ́ràn láti máa jẹ́ ará Ulster, àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, wọ́n ní ará Ireland làwọn. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ìjà náà ti di ti ìbọn àti bọ́ǹbù, ẹ̀mí tó sì bá a lọ lé ní 3,000. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbé orúkọ tí àwọn aládùúgbò ń tìtorí rẹ̀ jà sójú ní gbogbo alẹ́ ní láti rọra rìn. Ní oṣù kẹfà, ọdún 1993, wọ́n dín orúkọ náà kù lójú tẹlifíṣàn, ó di UTV. Lẹ́tà mẹ́ta kì í dá ìjà sílẹ̀ bí orúkọ odidi.

Àwọn tó ti Kumasi dé

Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà tó jẹ́ pé àmì ti Ghana ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ ti Ìbàdàn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ẹjìgbò àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ti ń ṣòwò ní Ghana tipẹ́ kí WNTV tó dé, Kumasi sì wà lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí. Ìlú tí àlejò ti ní àyè tirẹ̀ ni. Orúkọ Fante New Town fúnra rẹ̀ ń sọ pé ará etí òkun, ìyẹn àwọn Fante, wá tẹ̀dó sí olú-ìlú àwọn Aṣàǹtí. Àdúgbò náà ru àmì àlejò títí dòní, kò sì sí ẹni tó pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ 31, oṣù keje, ọdún 1965, Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí tẹlifíṣàn Ghana. Accra ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí Jamasi kí àwọn ará Kumasi lè rí i. Nkrumah kò fẹ́ ti agbègbè kankan. Àmì kan ṣoṣo, ti GBC, ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò, láti Accra títí dé Kumasi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba Nàìjíríà fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà, Ghana ti ṣe é sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá Kumasi di ẹrù, wọ́n fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ kó wọn gba Togo àti Dahomey, tó ti ń jẹ́ Benin báyìí, wá sílé. Àwọn tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹjìgbò nínú wọn bá àmì mìíràn nílé, àmì tí W ṣíwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti wá, àjèjì ni wọ́n pè wọ́n. Lójú tẹlifíṣàn yìí, èdè ìyá wọn ni wọ́n ń gbọ́.

Bí wọ́n ṣe fi òfin nu W

W kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ní ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n pa Murtala, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì gorí àléfà. Láti oṣù kẹrin ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ ti gba gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn tó wà nílẹ̀, àṣẹ kẹrìnlélógún ọdún 1977 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Gbogbo wọn di Nigerian Television Authority, NTA. Vincent Maduka, tó jẹ́ ọ̀gá ní Agodi, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ fún NTA.

Ó yẹ kí a sọ ti ìjọba náà fún un. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún mẹ́fà sí i ni, àwọn aláṣẹ sì rí i pé agbègbè tó ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn tirẹ̀ lè fi kó ọmọ ogun jọ. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà máa gbọ́ ìròyìn kan náà ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ó sì rí bẹ́ẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, agogo mẹ́sàn-án lu lójú kan náà láti Sókótó dé Calabar.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́ sọnù kò ṣeé fi agogo mẹ́sàn-án dípò. Ilé tí ìbínú kọ́, nítorí pé Èkó kò fún Ìbàdàn láyè láti fèsì, ti padà di ilé tí Èkó ń darí. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà wà níbẹ̀, ògiri kan náà ni, eré Yorùbá kò sì tán. Ṣùgbọ́n ilà ojú ti yí, ọmọ náà ti di ti ilé mìíràn. “First in Africa” nìkan ló ṣẹ́kù tí NTA Ìbàdàn fi ń yangàn, bí oríkì tí wọ́n ń kì fún ẹni tí wọ́n ti pa orúkọ bàbá rẹ̀ dà.

Nígbà tí àwọn alágbádá padà dé lọ́dún 1979, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ UPN rí ohun tí Awólọ́wọ̀ rí ní 1953. Wọ́n ní NTA kò fún àwọn ní ẹnu. Alhaji Lateef Jákàńdè dá tẹlifíṣàn Èkó sílẹ̀ ní 1980, Olóyè Bísí Ọnàbánjọ dá OGTV sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Olóyè Bọ́lá Ìgè sì dá TSOS sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tó di BCOS nígbà tó yá. Ti Èkó tilẹ̀ jẹ́ Lagos Weekend Television nígbà kan, LWT, lẹ́tà kan náà pẹ̀lú ti London. Ìyẹn ni pé bí UTV ṣe jẹ́ méjì láyé, bẹ́ẹ̀ náà ni LWT jẹ́ méjì.

Láti ìgbà yẹn ni lẹ́tà ti ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń pín ìpínlẹ̀. Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ó gbé àmì tirẹ̀ jáde. Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní 1996, òun náà gbé tirẹ̀. Ọdún 1992 ni ìjọba sì gba àwọn aládàáni láyè, ni àmì tún wá di bí ewé inú igbó. Ibi tí W kan ṣoṣo ń ṣojú fún nígbà kan ti di ti àmì mẹ́fà, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń sọ pé gbogbo Yorùbá ni òun dúró fún.

Owó ló pa ti Belfast

Belfast kò rí sójà tó wá fi òfin gba tẹlifíṣàn. Owó ló ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Thames ló kọ́kọ́ lọ: wọ́n gbé àṣẹ tuntun sí gbàǹjo ní 1991, Carlton sì gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn 1992 ni Thames ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn kékeré. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹwàá, ọdún 2002, wọ́n fi orúkọ kan ṣoṣo, ITV1, bo orúkọ gbogbo agbègbè England àti Wales mọ́lẹ̀. Granada olọ́fà, Anglia, LWT ti London, gbogbo wọn wọ inú àpò kan náà. Ní 2004, Granada àti Carlton di ilé-iṣẹ́ kan.

UTV dá dúró gedegbe fún ọdún mẹ́rìnlá sí i. Ní 2016, ITV rà á ní £100 mílíọ̀nù. Kí ọdún náà tó parí, ìrísí ITV ti wà lójú rẹ̀. Orúkọ náà kò kú tán, ìròyìn ìrọ̀lẹ́ wọn ṣì ń jẹ́ UTV Live, bí ìgbà tí wọ́n ta ilé bàbá ẹni tí wọ́n sì fi orúkọ bàbá sílẹ̀ lára ìlẹ̀kùn yàrá kan.

Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀nà méjì ni ìbejì ọjọ́ Sátidé yẹn gbà pàdánù ojú wọn. Àṣẹ ìjọba ló gba ti ọ̀kan lóòjọ́ kan ṣoṣo. Ìṣirò ọjà ló gba ti èkejì láàárín ọdún mélòó kan. Síbẹ̀ ibi kan náà ni wọ́n já sí: ìpinnu lórí ohun tí ará ilé yóò wò kúrò lọ́wọ́ ará ilé, ó lọ sí olú-ìlú.

Ẹ wo igun ojú ẹ̀rọ yín

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kó dun Yorùbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ilé-iṣẹ́ wọn nù, ṣùgbọ́n wọn kò sọ àmì náà nù. Fíìmù jagunjagun Anglia wà, ti Thames wà, ọmọ ogún ọdún tí kò tíì dáyé nígbà náà lè rí i, kí ó sì mọ bí agbègbè rẹ̀ ṣe ń pe ara rẹ̀. Nílé wa, àwọn àgbà tó rí WNTV ní alẹ́ àkọ́kọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrántí wọn sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ọmọ wa lè rí dì mú. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní fọ́tò, páálí tàbí fíìmù ìgbà náà nínú àjà, ìṣúra ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yẹ kí ikán jẹ ẹ́. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì kò nílò owó. Bí òǹkàwé bá ṣí tẹlifíṣàn rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ó wo igun ojú ẹ̀rọ náà dáadáa. Kí ó bi ara rẹ̀ pé: ilé ta ni mo wà yìí? Ta ló ń san owó iná ibẹ̀? Bí ẹnì kan bá bú mi níbẹ̀, ǹjẹ́ wọn yóò fún mi láyè láti fèsì? Ìbéèrè ìkẹta yìí ni Awólọ́wọ̀ bèèrè ní ọdún 1953, òun ló sì di ilé ní Agodi.

Ní Fante New Town lálẹ́ òní, lẹ́tà U, T àti V yóò tún yọ, èdè Twi ni yóò sì tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ Aṣàǹtí yóò gbọ́ ara wọn. Ní Belfast, lẹ́tà kan náà yóò yọ fún wákàtí ìròyìn, lẹ́yìn náà London yóò gba ojú ẹ̀rọ padà. Ní Agodi, ilé náà ṣì dúró síbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú títì, tó sì ní ọmọ lọ́wọ́, kó sọ fún ọmọ náà pé níbí yìí ni tẹlifíṣàn ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú ti bẹ̀rẹ̀, àti pé lẹ́tà tó kọ́kọ́ wà lójú rẹ̀ ni W.